Lábẹ́ Dígí, Nínú Dígí, Lórí Dígí: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú Ìkòkò Òdòdó Tánganran Àtijọ́ Láti Ṣáínà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ Sátidé kan. Ìkòkò òdòdó mẹ́ta ni, láti Ṣáínà ni gbogbo wọn ti wá, inú gbàǹjo kan náà sì ni wọ́n wà: ọ̀kan jẹ́ aláró lórí funfun, ọ̀kan kún fún òdòdó pínǹkì látòkè délẹ̀, ìkẹta pupa bí ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ohùn tó fi tẹ̀ lé wọn kò gùn. “Àbúrò mi, ìwọ lo máa ń lé nǹkan wọ̀nyí kiri. 600 pọ́n-ùn ni mo ní. Agogo méjìlá ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ o. Èwo ni kí n nawọ́ sí?”

Èsì oníṣẹ́jú kan ni mo fún un. Èyí ni èsì tó gùn, tí mi ò ráyè sọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má tíì wo àwọ̀. Ibi tí àwọ̀ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tánganran gidi (mi ò sọ abọ́ páànù tí àwọn ìyá wa fi ń bu ìrẹsì níbi ìnáwó) ní ara, ó ní awọ. Ara rẹ̀ ni amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin, orúkọ tó wá láti ara òkè Gaoling nítòsí ìlú Jingdezhen ní ìpínlẹ̀ Jiangxi, tí wọ́n pò mọ́ òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná. Awọ rẹ̀ ni ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní glaze: omi òkúta tí wọ́n rẹ ìkòkò sí tàbí tí wọ́n fọ́n sí i lára, tí iná bíi 1,300°C sì sọ di dígí. Dígí ni èmi náà á máa pè é. Àwọ̀ lè wà lábẹ́ dígí yìí, ó lè wà nínú rẹ̀ gan-an, ó sì lè jókòó lé e lórí.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo wá ń fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èló ni? Báwo ni wọ́n ṣe lè fi tàn mí jẹ? Ṣé yóò fara da ọwọ́, omi àti ọmọdé? Kí ni mo fẹ́ kó máa ṣe nínú ilé mi? Ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tí àwọ̀ wà ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Aláró, lábẹ́ dígí

Kóbáàtì ni aró yìí. Ẹni tó ń yà á ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára amọ̀ tó ti gbẹ ṣùgbọ́n tí kò tíì rí iná. Amọ̀ náà ń fa omi bí búrẹ́dì, nítorí náà kò sí pé mo ṣì í, ẹ jẹ́ kí n nù ún kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi dígí bò ó, wọ́n á sì sun ún lẹ́ẹ̀kan. Àwọ̀ tó lè rí irú iná bẹ́ẹ̀ kí ó má sá lọ kò pọ̀. Kóbáàtì jẹ́ ọ̀kan.

Nígbà ìjọba Yuan (1271–1368), Páṣíà ni kóbáàtì tó dára ti ń wá. Ìkòkò méjì kan wà ní British Museum ní London tí wọ́n ń pè ní David Vases: ọdún 1351 wà nínú àkọlé tí wọ́n fi aró kọ sí wọn lọ́rùn. Ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀. Ẹ lọ dúró níwájú wọn fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ojú yín á yàtọ̀.

Lára iṣẹ́ ìgbà Xuande (1426–1435), ẹ ó rí ẹ̀kán dúdú kéékèèké níbi tí kóbáàtì ti ki jù. Ó jẹ wọnú dígí débi pé bí ẹ bá fi ìka kàn án, ó jin díẹ̀. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn oníṣẹ́ ti fẹ́ràn ẹ̀kán yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi awò wò ó: tiwọn tò létòletò, ti ìgbà Xuande dà bí ìgbà tí òjò ta sí ògiri.

Àyànfẹ́ tèmi ni ti ìgbà Kangxi (1662–1722). Wọ́n máa ń fi omi la aró náà ní ìpele-ìpele, láti orí èyí tó fẹ́lẹ́ títí dé èyí tó ki, bí aláró tó ri aṣọ bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan àdìrẹ tó dára rí ti mọ ohun tí mo ń sọ. Owó kékeré sì lè wọ ibí yìí, nítorí pé ọkọ̀ rì. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pe ẹrù rẹ̀ ní Vung Tau rì sí etíkun Vietnam ní nǹkan bí ọdún 1690. Wọ́n hú ẹrù náà jáde, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo Christie’s ní Amsterdam ní 1992, nǹkan bí 28,000 ohun èlò. Ọ̀pọ̀ ìkòkò aláró kéékèèké wà nínú wọn, irú èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń tò sórí ibi ìdáná. Omi iyọ̀ ti jẹ dígí ẹlòmíràn, kò dán mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ nǹkan dídán máa kórìíra rẹ̀. Èmi kò kórìíra rẹ̀, torí pé ó jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún mélòó kan pọ́n-ùn ra ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, tí a mọ ibi tó ti wá.

Àléébù aláró ni pé kò sí èyí tí wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀ tó o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà mẹ́fà tó wà nídìí ìkòkò tàn yín. Orúkọ ọba ni lẹ́tà náà ń pè, kò sọ pé ìgbà ọba náà ni wọ́n ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ ìgbà Kangxi ń kọ orúkọ ọba ìgbà Ming (1368–1644) sí iṣẹ́ tiwọn, àwọn ti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sì ń kọ orúkọ Kangxi sí tiwọn, nígbà míì láti fi júbà àwọn tó ṣáájú, nígbà míì láti fi lu jìbìtì. Bí ẹ bá rí CHINA ní lẹ́tà òyìnbó nídìí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé lẹ́yìn 1891 ni, torí òfin owó-orí ọjà tí Amẹ́ríkà gbé jáde nígbà náà ló fà á.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ń ṣì í. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé gbàǹjo kan nítòsí Paris gbé ìkòkò aláró kan tó ní dírágónì àti àwọsánmà lára síta, wọ́n ní ti ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni, wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ sí 2,000 yúrò. 7.7 mílíọ̀nù yúrò ni wọ́n tà á, nítorí pé àwọn tó ń ra ọjà gbà pé ti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni. Ẹni tó díwọ̀n rẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí láàárín àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́, kí ni èmi àti ẹ̀yin á sọ?

Ti ìlò ńkọ́? Kò sí èyí tó le tó o. Dígí bo àwọ̀ mọ́lẹ̀, kò lè ṣí, kò lè ṣá, ẹ lè bu omi sí i kí ẹ sì ki òdòdó bọ̀ ọ́.

Pupa tí wọ́n fi bàbà yà lábẹ́ dígí wà pẹ̀lú, ìgbà Hongwu (1368–1398) ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Bàbà kò gbọ́ràn bí kóbáàtì. Bí iná bá ṣì díẹ̀, pupa á di eérú. Èyí tó pọ́n dáadáa wọ́n kọjá àpò ọ̀pọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Aláwọ̀ ewé àti pupa ẹ̀jẹ̀, nínú dígí

Níbí, kò sí àwòrán. Dígí fúnra rẹ̀ ni àwọ̀. Irin díẹ̀, bí ìdá kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n pò mọ́ omi dígí ti celadon, bí àwọn òyìnbó ṣe ń pe aláwọ̀ ewé yìí. Bí atẹ́gùn bá wọ ìléru dáadáa, irin yẹn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí páànù tó dógùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n á dín atẹ́gùn kù; iná tí kò rí èémí mí á wá fa ọ́síjìn yọ lára irin náà, á sì di àwọ̀ ewé tútù tó fara jọ òkúta jade. Longquan ní ìpínlẹ̀ Zhejiang ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù, nígbà ìjọba Song (960–1279) àti Yuan.

Ẹ gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àwọn tó ṣe é fi ọ̀bẹ gbẹ́ òdòdó sára amọ̀ kí wọ́n tó da dígí bò ó. Níbi tí ọ̀bẹ ti jin, dígí ṣàn lọ síbẹ̀, ó ki, ó ṣú. Níbi tí ó yọ, dígí fẹ́lẹ́, ó mọ́. Òjìji dígí ló yàwòrán. Lẹ́yìn náà ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀: níbi tí dígí kò dé lẹ́sẹ̀ rẹ̀, amọ̀ Longquan sábà máa ń sun di àwọ̀ osùn. Funfun báláú níbẹ̀ yẹ kó mú yín fura.

Ọjà òkèèrè ni celadon jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó rì sí etíkun Kòríà ní 1323, tí wọ́n ń pè ní Sinan, ní ohun amọ̀ tó lé ní 20,000 nínú, celadon Longquan sì pọ̀ níbẹ̀. Ààfin Topkapi ní Istanbul kó o jọ rẹpẹtẹ. Àwọn ènìyàn ní ìgbàgbọ́ pé àwo celadon á fi hàn bí májèlé bá wà nínú oúnjẹ. Mi ò ní dábàá pé kí ẹ dán an wò.

Nítorí pé wọ́n ṣe é lọ́pọ̀, iye rẹ̀ gbòòrò. Ní òkè pátápátá, abọ́ Ru kan, ìbátan celadon tí wọ́n ṣe fún ààfin Song, gbé 294 mílíọ̀nù dọ́là Hong Kong ní 2017. Ní ìsàlẹ̀, ìkòkò Longquan ìgbà Ming tó wúwo, tí ẹnu rẹ̀ gé díẹ̀, kì í kọjá ẹgbẹ̀rún mélòó kan pọ́n-ùn, òmíràn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Longquan títí dòní, UNESCO sì kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé ogún àṣà ní 2009, nítorí náà tuntun tó dára pọ̀ lọ́jà. Tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kó má ṣáà gba owó àgbà.

Pupa ńkọ́? Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi rí ni wọ́n ń pè ní Langyao, láti orúkọ Lang Tingji, gómìnà Jiangxi tó bojú tó ìléru Jingdezhen láàárín 1705 sí 1712. Bàbà ló wà nínú dígí rẹ̀. Dígí náà ń ṣàn nínú iná: ó sá kúrò lẹ́nu ìkòkò, tí ẹnu náà fi funfun bí ẹyin, ó sì gbá jọ sísàlẹ̀, ó ṣú. Èyí tó dára jù, dígí náà dúró géérégé ní etí ẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pàṣẹ fún un. Ti ìgbà ìkẹyìn ṣàn kọjá ààlà, wọ́n sì ní láti fi òkúta yún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìka wá ibi tí wọ́n yún.

Èmi ti jìyà pupa. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó búra pé kò ní àléébù. Mo gbé e délé, mo bu omi sí i, mo ki òdòdó bọ̀ ọ́. Kí n tó jẹun alẹ́ tán, tábìlì ti rin gbingbin. Wọ́n ti lu ihò sí ìdí rẹ̀ nígbà kan láti fi ṣe àtùpà, okùn iná ló ń gba ibẹ̀. Ẹnì kan wá fi ìda dí i, ó kun ojú rẹ̀ ní funfun. Irú ihò yìí pọ̀ lára ìkòkò tó gba ilé àwọn òyìnbó kọjá, ó sì ń já iye rẹ̀ lulẹ̀ gidigidi. Láti ìgbà náà, tọ́ọ̀ṣì UV kékeré kì í kúrò lápò mi: lábẹ́ iná rẹ̀ nínú òkùnkùn, ọ̀dà àti ìda tuntun sábà máa ń tàn lọ́nà tí dígí àtijọ́ kì í gbà tàn.

Ìmọ̀ràn mi lórí pupa: ẹ rà á nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ má sanwó ọjọ́ orí. Púpọ̀ nínú èyí tí ẹ ó bá pàdé kò dàgbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún lọ, bó ti wù kí olóhùn gbàǹjo pariwo tó.

Alárànbarà, lórí dígí

Àwọ̀ púpọ̀ kò lè fara da 1,300°C. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ sun ìkòkò náà ní funfun, wọ́n á wá kun àwọ̀ sórí dígí tó ti gbó, wọ́n á sì dá a padà sínú iná kékeré, nǹkan bí 700 sí 800°C. Ẹ di ojú, ẹ fi ìka ra á: òdòdó náà yọ sókè díẹ̀ bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́rùn agbádá.

Ìgbà Kangxi ni àwọ̀ ewé gba ipò iwájú, àwọn òyìnbó sì ń pè é ní famille verte. Ó mọ́ gaara, bí dígí fèrèsé. Láti nǹkan bí 1720 ni pínǹkì dé, tí ẹgbẹ́ tuntun sì di famille rose. Fencai ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Wúrà ló wà nídìí pínǹkì náà, wúrà tí wọ́n fọ́ kúnná ju ohun tí ojú lè rí lọ. Wọ́n tún rí funfun kan tó ki, tí wọ́n lè pò mọ́ àwọ̀ mìíràn, kí ewé òdòdó kan lè lọ láti pupa dé funfun díẹ̀díẹ̀. Tang Ying, ọkùnrin tí ọba rán lọ sí Jingdezhen ní 1728, ló gbé iṣẹ́ yìí dé góńgó lábẹ́ ọba Yongzheng àti ọba Qianlong.

Owó ibẹ̀ lè ya wèrè. Ní 2010, ìkòkò Qianlong kan tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ilé kan mọ́ ní ìgbèríko London gbé 43 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní gbàǹjo, kí owó iṣẹ́ alágbàǹjo tó gùn ún. Ẹni tó borí kò sanwó. Ẹ̀yin àti èmi, ti Canton ni ká wò: ìkòkò funfun tí wọ́n ṣe ní Jingdezhen, tí wọ́n kùn ní Guangzhou (ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Canton) fún ọjà òkèèrè ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí ènìyàn, ẹyẹ, labalábá àti òdòdó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kò sí ibi tí ojú á sinmi. Ó pọ̀ lọ́jà, ó sì rọrùn láti rà. Kò wù mí, ṣùgbọ́n ilé tó bá fẹ́ràn ìdùnnú àti ariwo àwọ̀ kò ní rí èyí tó dára jù ú lọ.

Àìlera rẹ̀ ni pé àwọ̀ tó wà lórí kò ní ààbò. Ó ń ha, ó ń ṣí, wúrà etí rẹ̀ ń parẹ́ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ẹ̀tàn tirẹ̀ sì yàtọ̀: wọ́n lè mú ìkòkò funfun tó dàgbà lóòótọ́, tí kò ní iye lórí, kí wọ́n kun òdòdó tuntun sí i. Ara àtijọ́, ẹsẹ̀ àtijọ́, àwòrán àná. Ní Yúróòpù pàápàá, wọ́n máa ń kun àwọ̀ lé aláró lórí láti fi tà á ní ọ̀wọ́n. Bí ẹ bá rí ìlà tí wọ́n ha sára dígí tó wá kọjá sábẹ́ òdòdó náà, tí òdòdó sì mọ́ láì ní ìlà kankan, ẹ gbé e sílẹ̀.

Doucai ń pa aró abẹ́ pọ̀ mọ́ àwọ̀ orí: aró ló fa etí àwòrán, àwọ̀ wá kún inú rẹ̀. Ife kékeré kan ti ìgbà Chenghua (1465–1487), tó ní àkùkọ àti àgbébọ̀ lára, gbé 281 mílíọ̀nù dọ́là Hong Kong ní 2014. Ẹni tó rà á fi mu tíì. Ó tán.

Funfun lásán

Dehua ní ìpínlẹ̀ Fujian kò fi àwọ̀ ṣe nǹkan kan. Tánganran wọn funfun bí wàrà, ẹ gbé e sí iwájú iná, ó máa ń pọ́n díẹ̀ tàbí kó rí bí eyín erin. Ère ni wọ́n mọ̀ jù síbẹ̀, ìkòkò òdòdó kò pọ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọlórìṣà tó ń ka èyí: ní Cuba, inú sopera, abọ́ tánganran ọlọ́mọrí, ni wọ́n ń kó ọta òrìṣà sí, funfun fún Ọbàtálá, aláró àti funfun fún Yemọja. Ẹni tó ń wá ohun àgbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wò ó, èyí tó ní ọmọrí ni kó wá, kì í ṣe ọlọ́rùn gígùn.

Ta ni kó ra èwo

Bí ẹ bá fẹ́ bu omi sí i, tí ọmọdé sì ń sáré nínú pálọ̀, aláró kékeré láti inú ọkọ̀ tó rì ni, pẹ̀lú ìwé gbàǹjo tó bá a wá. Bí ilé yín bá ní ògiri tó rọ̀ tí ẹ kò sì fẹ́ ariwo, Longquan ìgbà Ming, kódà èyí tó sán díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ohun kan ṣoṣo tó máa gba ojú gbogbo àlejò, pupa, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bu omi sí i níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹni tó ní kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tí ọwọ́ kì í dé, kó mú fencai. Bí ẹ bá sì wà ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, ẹ má gbé ohun tó dàgbà ju 1911 lọ sínú báàgì. Òfin ibẹ̀ kò gbà kó kúrò nílùú.

Aláró ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi rà. Pínǹkì ló rà. Ó ní ó bá kọ́tìnì òun mu. Mo ní kò burú, kó ṣáà má fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.